Iná Ẹ́ńjìnnì Nínú Ọkọ̀ Ẹgbẹ́: Ohun Tí Ó Ń Sọ àti Bí Ó Ti Yẹ Kí A Dá A Lóhùn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ tí ìwé kékeré yìí gbé wá kì í ṣe ti irúgbìn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tí ń tajà ní ìlú tí kò mọ̀ pé ọkọ̀ ni ó so oko pọ̀ mọ́ owó. Ẹ̀gẹ́ tí a bá fà tu lónìí, bí kò bá dé ibi tí a ó ti bó o láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìlà dúdú, kò sì ní í ṣe gàrí tí ó dára mọ́. Tòmátì kò tilẹ̀ ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ ẹgbẹ́ bá kú sí ojú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ odidi ọdún kan lè bá a lọ.

Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ń rà ní ó jẹ́ tòkunbọ̀, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tàbí ní ilẹ̀ Yúróòpù kí wọ́n tó gba èbúté Èkó tàbí ti Kútọnu wọlé. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, iná kékeré kan wà níwájú awakọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ìyeyè tí ó pọ́n, tí a sì ya àwòrán ẹ́ńjìnnì sí i lára. Àwọn awakọ̀ ń pè é ní ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì. Nínú ìwé yìí a ó máa pè é ní iná ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ó bá tàn, àwọn ẹlòmíràn a fi nǹkan bò ó lójú, àwọn mìíràn a ní kí wọ́n yọ gílóòbù rẹ̀, àwọn mìíràn a sì máa ra gbogbo ohun tí mẹkáníìkì bá dárúkọ títí owó ẹgbẹ́ yóò fi tán. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ó tí ì béèrè ohun tí iná náà fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn iná pupa

Iná pupa kì í ṣe ẹgbẹ́ iná aláwọ̀ ìyeyè. Bí ẹ bá rí iná pupa tí ó ní àwòrán agolo epo tí epo ń kán láti ẹnu rẹ̀, ohun tí ó ń wí ni pé ọ́ìlì kò lọ káàkiri inú ẹ́ńjìnnì bí ó ti yẹ. Ẹ́ńjìnnì tí kò rí ọ́ìlì lè bàjẹ́ pátápátá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe wí pé ọjà kù díẹ̀. Bákan náà ni ti iná tí ń sọ pé omi ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù. Ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí omi ń hó nínú rẹ̀, nítorí omi náà a máa bó ènìyàn lójú. Bí iná pupa àti iná ẹ́ńjìnnì bá tàn pọ̀, ti iná pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ibi tí iná náà ti wá

Ó lè yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ wà nínú ìtàn iná yìí. Láàárín àwọn ọdún 1940, èéfín kan tí ó dà bí ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í bo ìlú Los Angeles ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Ó ń ta ojú ènìyàn. Àwọn àgbẹ̀ tí ń gbin ẹ̀fọ́ ní àgbègbè ìlú náà sì ṣàkíyèsí pé abẹ́ ewé ẹ̀fọ́ wọn ń dán bí fàdákà tàbí bí idẹ, lẹ́yìn náà ewé a rọ, a sì kú. Wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà ru àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ọ̀gbẹ́ni Arie Haagen-Smit, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì tí ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Caltech, tí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ nígbà náà sì jẹ́ lórí òórùn dídùn tí ń bẹ nínú ọ̀pẹ̀yìnbó, ni ó fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 pé epo tí kò jóná tán tí ó ń ti inú ọkọ̀ jáde wà nídìí ọ̀ràn náà, nígbà tí oòrùn bá ràn án nínú afẹ́fẹ́. Ìpínlẹ̀ California dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1967 láti bójú tó afẹ́fẹ́, ọkùnrin yìí ni ó sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́.

Òfin àjọ yìí ni ó mú kí àwọn ọkọ̀ ọdún 1988 tí a ń tà ní ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní iná tí ń kìlọ̀. Nígbà tí ó di ti àwọn ọkọ̀ ọdún 1996, a fi dandan lé e ní gbogbo Amẹ́ríkà pé kí gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun máa sọ èdè kan náà, kí ihò tí a ó ti gbọ́ èdè náà sì jẹ́ irú kan náà. Ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀ lé e ní 2001 fún àwọn ọkọ̀ tuntun tí ń lo bẹntiróòlù.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé ó tú ohun kan tí ń rú àwọn awakọ̀ lójú. Nítorí èéfín ni a ṣe dá iná yìí sílẹ̀, kì í ṣe nítorí kí ọkọ̀ má baà kú. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi lè máa sáré dáadáa tí iná náà sì tàn. Ohun tí ó ń ṣọ́ ni bóyá epo ń jóná tán. Ṣùgbọ́n epo tí kò jóná tán, owó ta ni? Owó yín ni.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́

Nínú ọkọ̀ wọ̀nyí, kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì. Ó ní àwọn sẹ́ńsọ̀ tí ó dà bí ojú àti imú fún un. Ọ̀kan ń wọn afẹ́fẹ́ tí ń wọlé. Ọ̀kan ń wo bí omi ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó. Òmíràn wà nínú páìpù èéfín, ó ń gbóòórùn bóyá afẹ́fẹ́ tí ó ṣẹ́ kù níbẹ̀ pọ̀ tàbí ó kéré. Nínú ìròyìn tí gbogbo wọn bá mú wá ni kọ̀ǹpútà náà ti ń pinnu iye epo tí yóò fún ẹ́ńjìnnì mu.

Bí ìròyìn kan kò bá bá ìyókù mu, kò ní í pariwo lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó di ìgbà tí ó bá rí àṣìṣe kan náà nínú ìrìn méjì kí ó tó tan iná. Nígbà kan náà ni yóò kọ àmì kan pamọ́ sínú ara rẹ̀, tí í ṣe lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin. Àmì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ pè ní àrokò. Ẹ mọ bí àwọn baba wa ti ń fi owó ẹyọ, ìyẹ́ àti èèsún ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹni tí ó gba àrokò tí kò sì tú u kò tí ì gbọ́ iṣẹ́ tí a rán sí i. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn, ohun tí ó sọ kò ju pé àrokò ti dé.

Bí iná náà bá dúró ṣinṣin

Bí ó bá tàn tí kò sì ṣẹ́jú, ẹ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ẹ wo ohun tí ń fi ìgbóná omi hàn, kí ẹ sì wò ó bóyá agbára ọkọ̀ dín kù lórí òkè. Bí ohun gbogbo bá wà bí ó ti ń wà, ẹ lè gbé ẹrù yín dé ọjà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà kọjá kí ẹ tó ní kí wọ́n tú àrokò náà.

Kí ẹ tó lọ rárá, ẹ yẹ ìdérí táǹkì epo wò. Òórùn epo kò gbọdọ̀ máa jáde láti inú táǹkì, kọ̀ǹpútà sì ń ṣọ́ èyí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá. Bí a bá bu epo láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ọkọ̀ ní oko, tí ẹni tí ó bù ú kò sì yí ìdérí náà le, tàbí tí rọ́bà inú rẹ̀ ti sán, iná yóò tàn. Aṣọ àkísà tàbí ọ̀rá tí àwọn kan ń fi dí ẹnu táǹkì kò lè ṣe iṣẹ́ ìdérí. Ẹ yí i títí yóò fi dún. Iná kò ní í kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ fún un ní ìrìn ọjọ́ díẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ó ra púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rin nítorí ìdérí tí kò dì.

Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú

Èyí yàtọ̀ pátápátá. Iná tí ń tàn tí ń kú, tí ń tàn tí ń kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ń sọ pé ọ̀kan nínú àwọn sílíńdà ń tàsé: epo ń wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n iná kò ràn án. Ẹ óò mọ̀ ọ́n lára ọkọ̀ pẹ̀lú, nítorí yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Epo tí kò jóná yìí a ṣàn lọ sínú páìpù èéfín. Nínú páìpù náà, kí ó tó dé sàlẹ́ńsà, ohun kan wà tí a ń pè ní kátálísítì. Inú rẹ̀ dà bí afárá oyin, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ èéfín búburú di èyí tí kò pa ni lára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí epo tútù bá dà lé e lórí, inú rẹ̀ ni epo náà yóò ti jó. Yóò gbóná kọjá ààlà, afárá náà lè yọ́, kí ó sì dí ọ̀nà èéfín. Ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde kò ní í lè gun òkè. Nígbà tí ó bá yá, kò ní í lè rìn rárá.

Ẹ dín eré kù lójú ẹsẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ó bá dẹ́kun ṣíṣẹ́jú, ẹ rọra wá ibi ìgúnlẹ̀ tí ó súnmọ́ yín jù lọ. Bí kò bá dẹ́kun, ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ wá ọkọ̀ mìíràn tí yóò gba ẹrù. Owó tí ẹ óò san fún un yóò dùn yín, ṣùgbọ́n kọ́ìlì kan tàbí púlọ́ọ̀gì kan ni ó máa ń wà nídìí ọ̀ràn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kátálísítì tuntun.

Ẹ wo ibi tí ẹ óò dúró sí pẹ̀lú. Ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí koríko ẹ̀bá ọ̀nà ti gbẹ, kátálísítì tí ó gbóná bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ lè ran koríko náà. Àgbẹ̀ tí ó ti rí iná ọyẹ́ rí kò nílò kí a ṣàlàyé ohun tí ó lè ti ibẹ̀ jáde. Ẹ dúró sí orí ilẹ̀ tí kò ní koríko, tàbí kí ẹ wà lórí èjìká ọ̀dà.

Ohun tí ojú mi rí

Ẹgbẹ́ àwọn tí ń gbin ẹ̀gẹ́ kan wà ní àgbègbè tí mo ti ń ṣiṣẹ́. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, wọ́n sì gba bàbá kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún gẹ́gẹ́ bí awakọ̀. Ní ọdún kejì, ọkọ̀ náà gbóná lójú ọ̀nà. Mẹkáníìkì tí ó tún un ṣe yọ tẹmọ́sítáàtì rẹ̀ dànù, ó ní ọkọ̀ kò nílò rẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni ó gba èyí gbọ́. Láti ọjọ́ náà ọkọ̀ kò gbóná jù mọ́, ṣùgbọ́n iná ẹ́ńjìnnì tàn. Bàbá mú un padà lọ, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí iná náà ń dà á lójú láàmú ní alẹ́, ó fi téèpù dúdú bò ó.

Tẹmọ́sítáàtì dà bí ilẹ̀kùn tí ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tí ó yẹ. Bí a bá yọ ọ́, omi a máa ṣàn lọ ṣàn bọ̀ láti òwúrọ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì ní í gbóná tó. Kọ̀ǹpútà a máa rò pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, a sì máa fún un ní epo ní àfikún, bí a ti ń fún ọkọ̀ tí ó tutù. Báyìí ni ọkọ̀ ẹgbẹ́ yìí ṣe ń jẹ epo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, láìsí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù dúró ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo sì fò sókè, akápò yẹ ìwé ìnáwó wò dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó rí i pé iye lítà tí ọkọ̀ ń lò sí ọjà kan náà ti pọ̀ sí i gidigidi. Wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n ní bàbá ń ta epo ẹgbẹ́. Ó búra, kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́. Èmi tí mo jókòó níbẹ̀ ti wọ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, mo ti rí téèpù dúdú náà, n kò sì béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí mo fún wọn ní ọjọ́ náà ni pé kí wọ́n máa kọ iye epo sílẹ̀ dáadáa.

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, kọ́ìlì kan dá iṣẹ́ sílẹ̀. Iná náà ń ṣẹ́jú lábẹ́ téèpù, kò sí ẹni tí ó rí i. Bàbá mọ̀ pé ọkọ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á láti tún béèrè owó àtúnṣe lọ́wọ́ àwọn tí ó ti pè é ní olè. Ó ń fi bẹ́ẹ̀ wà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ kíkún lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ náà kú sí orí òkè kan. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i fà. Ìdajì ẹ̀gẹ́ náà ti dúdú.

Oníṣẹ́ iná ọkọ̀ kan, irú àwọn tí a ń pè ní ríwáyà, ni ó gbé sìkánà wá. Àrokò méjì ni ó bá níbẹ̀. Ọ̀kan ni P0128, èyí tí ń sọ pé omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná dé ìwọ̀n. Èkejì ni P0303, pé sílíńdà kẹta ń tàsé. Nígbà tí wọ́n tú páìpù èéfín, afárá inú kátálísítì ti yọ́ di odidi. Wọ́n ra kọ́ìlì, wọ́n sì fi tẹmọ́sítáàtì sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, iye epo padà sí bí ó ti ń rí tẹ́lẹ̀. Ìwé epo tí mo ní kí wọ́n máa kọ ni ó jẹ́rìí sí i. Alága àti akápò lọ sí ilé bàbá láti bẹ̀ ẹ́. Ó gba ẹ̀bẹ̀ wọn, ó sì fún wọn ní obì. Ṣùgbọ́n kò gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà mọ́.

Títú àrokò

Ihò tí a ń ki sìkánà bọ̀ wà lábẹ́ ibi tí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ wà, nítòsí orúnkún awakọ̀, ó sì ní ojú mẹ́rìndínlógún. Àwọn sìkánà kan ní ojú tiwọn tí ẹ óò ti ka nọ́ńbà. Àwọn mìíràn kéré bí páálí ìṣáná, wọn a sì máa fi ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí orí tẹlifóònù alágbèéká. Ọ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọkọ̀ ẹgbẹ́, bí àwọn ọkọ̀ náà bá ti jẹ́ ti ẹ̀yìn àwọn ọdún tí mo dárúkọ lókè. Èrò tèmi ni pé ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ fi owó àjọ rà ni, kí ó sì wà ní ọwọ́ akọ̀wé, kí ó má ṣe wà ní ọwọ́ mẹkáníìkì tí ń ta ohun èlò.

Ẹ kíyè sí i pé àrokò kò dárúkọ ohun tí ẹ óò rà. Ibi tí ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ni ó ń fi hàn. Ẹ jẹ́ kí a mú P0171 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Rọ́bà afẹ́fẹ́ tí ó sán lè fa èyí, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tí ó dọ̀tí, fílítà epo tí ó dí, tàbí pọ́ǹpù epo tí ó ti rẹ̀. Epo fúnra rẹ̀ náà lè jẹ̀bi: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bẹntiróòlù tí kẹ́míkà methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè wa, àwọn awakọ̀ sì fi ẹjọ́ sùn pé ọkọ̀ àwọn bàjẹ́. Ẹ fi ojú wo àwọn rọ́bà, ẹ fi etí gbọ́ bóyá afẹ́fẹ́ ń sú níbì kan, ẹ pààrọ̀ fílítà, kí ẹ tó gbà láti ra pọ́ǹpù.

Ti sílíńdà tí ń tàsé rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọkọ̀ tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tirẹ̀, kò sì ná ni ní kọ́bọ̀. Bí àrokò bá jẹ́ P0301, sílíńdà kìn-ín-ní ni. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, kí oníṣẹ́ yọ kọ́ìlì ti kìn-ín-ní kí ó fi sí orí ìkejì, kí ó sì gbé ti ìkejì wá sí orí ìkín-ní. Kí ó wá pa àrokò rẹ́, kí ó tún ọkọ̀ wà díẹ̀. Bí àrokò tuntun bá jẹ́ P0302, kọ́ìlì ni ó bàjẹ́, nítorí àìsàn náà bá a lọ. Bí ó bá sì wà ní P0301 síbẹ̀, ẹ yẹ púlọ́ọ̀gì àti ẹnu tí ń tú epo wò. Mẹkáníìkì tí ó bá kọ̀ láti ṣe ìdánwò yìí, tí ó ní kí ẹ ṣáà ra kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ kọ àrokò kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ọkọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, irú ẹrù tí ọkọ̀ gbé, àti ohun tí a ṣe sí i. Kí awakọ̀ ní àyè láti béèrè fún sìkánà nígbàkúgbà tí iná bá tàn, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ojú olè wò ó.

Pípa iná náà láìwo àrùn rẹ̀

Àwọn kan a yọ orí bátìrì fún ìgbà díẹ̀, iná a sì kú. Àwọn mìíràn a fi sìkánà pa àrokò rẹ́, wọn a gba owó, wọn a ní iṣẹ́ ti parí. Bí ohun tí ó tan iná kò bá tí ì yí padà, iná yóò padà lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Ohun tí ó burú jù ni pé àkọsílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ti wà ní wákàtí tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, bí eré rẹ̀ ti pọ̀ tó àti bí omi rẹ̀ ti gbóná tó, ti parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ka àrokò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe, lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa á rẹ́.

Mo tún ní láti kìlọ̀ nípa kátálísítì. Àwọn irin olówó iyebíye bíi platinum, palladium àti rhodium wà nínú rẹ̀, nítorí náà àwọn oníṣòwò a máa rà á ní ọgbà mẹkáníìkì. Wọ́n lè gé e kúrò lára ọkọ̀ yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, kí wọ́n sì jó páìpù lásán dí àyè rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná yóò tàn pẹ̀lú àrokò P0420, kò sì ní í kú mọ́. Àdánù ibẹ̀ ju ti kátálísítì lọ, nítorí iná tí ó ń tàn lójoojúmọ́ kò lè sọ fún yín mọ́ pé nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó fi í sílẹ̀ fún àtúnṣe, kí ẹ sì tún un wò nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbà á.

Nígbà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ra ọkọ̀

Ẹ mú sìkánà lọ. Bí ẹni tí ń tà á bá ti pa àrokò rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, sìkánà yóò fi hàn pé kọ̀ǹpútà kò tí ì parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Ẹ ní kí ẹ wà á fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ gun òkè pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tún un kà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú èyí, ẹ jókòó sí ààyè awakọ̀, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìta ẹ́ńjìnnì jí. Iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn, kí ó sì kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá jí. Bí kò bá tàn rárá, ẹ dá owó yín padà sí àpò, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á ibi tí iná náà lọ.